Ọ̀dà wo ló yẹ fún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi alumíníọ̀mù tó ń gbé inú omi òkun, kí ewéko àti ẹ̀dá inú òkun má baà lẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹ wá èyí tí kò ní bàbà rárá. Ohun tó máa ń wà nínú irú rẹ̀ ni Econea àti zinc pyrithione, àwọn oògùn tó ń lé ẹ̀dá inú omi tí kò ní bàbà, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára agolo pé ó ṣe é lò fún alumíníọ̀mù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀dà tó ní cuprous oxide kàn án. Bàbà ni, òun ló sì pọ̀ jù lọ́jà. Bí bàbà àti alumíníọ̀mù bá pàdé nínú omi iyọ̀, wọ́n á di bíi bátìrì, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹra, tí yóò máa lu ihò wẹ́wẹ́ títí omi á fi wọlé. Cuprous thiocyanate, tóun náà ní bàbà, rọ̀ jùyẹn lọ, àwọn kan ń lò ó, ṣùgbọ́n àfi kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ibi tó bó. Èmi ò ní fi ọkọ̀ tèmi dán an wò. Tributyltin, oògùn inú ọ̀dà ọkọ̀ ayé àtijọ́, ńkọ́? Àdéhùn àgbáyé ti fòfin dè é láti 2008.

Kí ẹ tó kun ún, ẹ fi sáńpépà ha ara ọkọ̀ náà dáadáa, kí ẹ sì kun epoxy náà kíákíá, torí èépá tín-ínrín (oxide) kì í pẹ́ bo alumíníọ̀mù padà. Ẹ má kun àwọn ègé irin síńkì (zinc) tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ láti dáàbò bò ó o.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé ọkọ̀ náà sókè lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ẹ ò nílò ọ̀dà yìí rárá.