Ẹ má tíì sọ SConstruct yẹn nù: ìdáhùn sí ará Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Kétu. Mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní wọ́n fi ètò ìṣirò ọjà kan lé yín lọ́wọ́, tí wọ́n fi èdè C kọ, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ti fi ìlú sílẹ̀. SCons, irinṣẹ́ tí ń darí iṣẹ́ sísọ kóòdù di ètò tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ló fi ń ṣe kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, fún kọ̀ǹpútà yín àti fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n gbé sí ilé ìtajà. Ẹ ní gcc (kọ̀ǹpáílà èdè C) ti Raspberry Pi ń dáhùn bí ẹ bá pè é ní tẹ́mínàlì, ṣùgbọ́n SCons ní òun kò rí i. Ẹ ní gbogbo fáìlì ni ó ń tún ṣe lójoojúmọ́, àti pé bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò padà sí. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ kúkú pa á tì kí ẹ kọ Makefile, ìwé iṣẹ́ tí irinṣẹ́ Make ń tẹ̀lé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má pa á tì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi SCons ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré wa níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́nà ọjà Wándó, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ni ojú wa sì ti rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, ìyókù wà lábẹ́ rẹ̀: SConstruct, ìwé tí SCons ń kà, kì í ṣe ìwé tí ń ṣe iṣẹ́, ìwé tí ń ròyìn iṣẹ́ ni. Nítorí pé Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú tí a fi ń wo Python ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó, wọ́n sì gbà pé bí ìlà kan ṣe tẹ̀lé èkejì ni iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ scons, ẹ ó rí i pé «Reading SConscript files» ni ó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni ó tó kọ «Building targets». Ìpele méjì nìyẹn, wọn kì í sì í dàpọ̀. Ní ìpele kìíní, Python yóò ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé orí ìlà bí

env.Program('isiro', ['main.c', 'oja.c'])

kò ní pe gcc rárá. Yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé isiro ń bọ̀ láti ara main.o àti oja.o, àwọn yẹn náà ń bọ̀ láti ara fáìlì C méjèèjì. Ìpele kejì ni ó tó máa yẹ inú àwọn fáìlì C náà wò, tí yóò ka àwọn ìlà #include kí ó lè mọ fáìlì .h tí wọ́n gbára lé, tí yóò fi ohun tí ó rí wé ohun tí ó kọ pamọ́ nígbà tí ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, tí yóò sì wá pinnu èyí tí ó yẹ kí a tún ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe pàtàkì bóyá òkè ni ẹ kọ Program sí tàbí ìsàlẹ̀: ẹni tí ó gbára lé ẹnìkan ni SCons ń wò, kì í wo ẹni tí ó kọ́kọ́ dé.

Ẹ wá wo ìlà os.system tí ó wà nínú ìwé tí ẹ fi hàn wá, èyí tí ń kọ déètì àti wákàtí sínú eda.h. Ìpele kìíní ni ìlà yẹn ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí kíkà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti pe scons, yálà ẹ fẹ́ kọ̀ǹpáìlì ni, tàbí ẹ fẹ́ kó ohun àtijọ́ kúrò pẹ̀lú scons -c, tàbí ẹ kàn fẹ́ wo ohun tí ó máa ṣe pẹ̀lú scons -n. SCons kò mọ̀ pé òun ni ó ṣe eda.h, ó kàn ń bá a níbẹ̀ ni. Nítorí pé wákàtí inú rẹ̀ ń yí padà nígbà gbogbo, ohun tí ó wà nínú fáìlì náà kì í bá ti àná mu láé, gbogbo fáìlì C tí ó bá sì ní #include "eda.h" nínú ni SCons gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹ ní ó tó gbogbo wọn. Ohun tí ń jẹ yín ní ọjọ́ nìyẹn, SCons kò sì jẹ̀bi rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ní apá méjì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹ̀dà ètò náà sínú fáìlì kékeré kan, ká pè é ní eda.txt, tí ẹ ó máa fi ọwọ́ yí padà nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kí ẹ sì sọ fún SCons bí eda.h ṣe ń wáyé láti ara rẹ̀:

env.Command('eda.h', ['eda.txt', 'se_eda.py'], 'python3 se_eda.py eda.txt eda.h')

Mo fi se_eda.py sínú orúkọ àwọn orísun kí SCons lè tún eda.h ṣe bí ẹ bá yí ètò tí ń ṣe é padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ìyẹn. Apá kejì ni pé kí fáìlì C ẹyọ kan ṣoṣo máa pe eda.h, kí àwọn ìyókù gba nọ́ńbà ẹ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ nípasẹ̀ fọ́ńṣàn. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ tí ẹ bá yí nọ́ńbà padà, fáìlì kan ni yóò lọ sọ́dọ̀ gcc, lẹ́yìn náà ni SCons yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìpele méjì yìí tún ṣàlàyé ohun kan tí kò tíì kàn yín, ṣùgbọ́n tí yóò kàn yín bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ìwé náà. Àwọn ohun tí ẹ kó sínú env (àpò tí SCons ń kó ètò iṣẹ́ sí), bí CCFLAGS (àwọn àṣàyàn tí a ń fún gcc) àti LIBS (àwọn láíbìrárì tí a ń so mọ́ ètò), ìpele kejì ni SCons ń tú wọn. Bí ẹ bá kọ Program lókè, tí ẹ sì fi env.Append kún CCFLAGS nísàlẹ̀, ètò òkè náà yóò gba àfikún yẹn, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀. Bí ètò méjì kò bá gbọdọ̀ lo CCFLAGS kan náà, ẹ fi env.Clone() ṣe ẹ̀dà env fún èkejì kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ sì máa lo Glob ti SCons fúnra rẹ̀, ẹ fi glob ti Python sílẹ̀, nítorí ti SCons mọ àwọn fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe, ti Python kò mọ̀ ju ohun tí ó ti wà lórí dísìkì lọ.

Ó kan gcc tí SCons kò rí. «Error 127» tí ẹ rí yẹn, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kò sí àṣẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ní ibi tí wọ́n wá a dé. Ẹ ti kọ PATH yín (àkójọ ibi tí a ti ń wá àṣẹ) sínú .bashrc (fáìlì ètò tẹ́mínàlì), tẹ́mínàlì sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n SCons mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti jogún ohun tí ó wà ní tẹ́mínàlì. PATH tirẹ̀ kò kọjá àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí /usr/local/bin àti /usr/bin. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tí ó yọrí lórí kọ̀ǹpútà yín lè yọrí bákan náà lórí ti ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

env = Environment(CC='arm-linux-gnueabihf-gcc')
env.PrependENVPath('PATH', '/opt/arm/bin')

kí ẹ fi ibi tí gcc yín wà gan-an rọ́pò /opt/arm/bin. Ẹ ó rí ẹni tí yóò ní kí ẹ kúkú kọ ENV=os.environ, tí ń kó gbogbo ohun tí ó wà ní tẹ́mínàlì wọlé, kí ẹ sì lọ sinmi. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti dá wa lágara rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ètò kan ń yọrí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wa, kì í yọrí lórí ti àwọn ìyókù, a wo kóòdù títí, a kò rí nǹkan kan. Ó ṣe, a rí i pé CPATH wà nínú .bashrc ẹni náà, gcc sì máa ń wá fáìlì .h ní ibi tí CPATH bá tọ́ka sí. Os.environ ti gbé e wọlé, SCons kò sì mọ̀ pé fáìlì .h kan ń bọ̀ láti ibẹ̀, nítorí ohun tí ó wà nínú CPPPATH (àkójọ ibi tí a ní kí SCons ti máa wá fáìlì .h) nìkan ni ó ń wò. Ohun tí ẹ bá nílò láti òde, ẹ dárúkọ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti Makefile, èmi kò kórìíra Make. Stuart Feldman ni ó ṣe é ní Bell Labs ní 1976, kò sì sí kọ̀ǹpútà Linux tí ẹ kò ti lè rí i. Ṣùgbọ́n aago ni Make ń wò: bí wákàtí tí a fi kọ fáìlì C bá wà lẹ́yìn wákàtí tí a fi ṣe .o, yóò tún un ṣe. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí à ń rà ní Kútọnu ńkọ́, tí bátìrì kékeré tí ń pa aago wọn mọ́ ti kú? Ìgbàkígbà tí iná bá lọ tí ó dé, wọ́n á padà sí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Make yóò wá kìlọ̀ fún yín pé «Clock skew detected. Your build may be incomplete», ìkìlọ̀ náà kò sì purọ́: fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ yóò dà bí èyí tí ó ti gbó ju .o rẹ̀ lọ, Make yóò sì fò ó. SCons, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara àbá tí Steven Knight fi gba ìdíje Software Carpentry ní 2000, ohun tí ó wà nínú fáìlì gan-an ni ó ń ṣírò, ó sì ń kọ àmì rẹ̀ sínú .sconsign.dblite. Bí ẹ bá tún àlàyé kan kọ nínú fáìlì C tí .o tí ó jáde kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ ní so ètò náà pọ̀ mọ́. Ní ilé tí aago kò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, èyí nìkan tó fún mi.

Ibi tí .sconsign.dblite ti ń fìyà jẹ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ iná. Ìparí iṣẹ́ ni SCons ń kọ ọ́ sórí dísìkì. Bí ẹ bá fi Ctrl-C dá a dúró, yóò ráyè kọ ọ́ kí ó tó kúrò; ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, àwọn .o wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmì wọn ni kò sí, SCons kò sì lè gbà wọ́n gbọ́. A jìyà èyí dáadáa nígbà tí à ń ṣe kọ̀ǹpáìlì Godot, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, tí SCons ni wọ́n ń lò fún un, tí àwọn fáìlì C++ rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà. Ohun tí ó gbà wá ni ìlà kan:

CacheDir('/home/ise/apamo')

Pẹ̀lú rẹ̀, bí .o kọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde ni SCons ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú fódà yẹn, kò ní dúró de ìparí. Bí iná bá dé tí ẹ tún pe scons, ẹ ó máa rí «Retrieved ... from cache» lọ gbọọrọ, gcc yóò sì tẹ̀ síwájú láti ibi tí ó kù sí. Ẹ ṣọ́ra o, SCons kì í gbá fódà náà, scons -c kò sì ń fi ọwọ́ kàn án, nítorí náà ẹ̀yin ni ẹ ó máa pa àwọn ohun tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀ rẹ́. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá ní mẹ́mórì ju gígábáìtì 4 lọ, ẹ má ṣe kọjá -j2, èyí tí ń ní kí SCons máa ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè yá. Bí mẹ́mórì bá tán, ìyára yẹn yóò di ìfàsẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: lórí pátákó ìtẹ̀wé ti Faransé, àmì [ àti ] ń fẹ́ AltGr ní gbogbo ìgbà, ìka á sì máa dunni. Split('main.c oja.c owo.c') yóò fún yín ní àkójọ kan náà láìsí wọn. Bí déétà bá sì wọ́n yín, ẹ wá ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní scons-local, ẹ fi fláàṣì gbé e wọ inú fódà iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ yín lọ́la kò ní nílò láti fi SCons sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá, Python nìkan ti tó.

N kò ní parọ́ fún yín pé ó yá. Bí fáìlì bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kíkà àti yíyẹ̀wò nìkan ń gba àkókò kódà nígbà tí kò sí ohun tí ó yí padà. Blender, ètò àwòrán 3D, lò ó rí, ó sì fi í sílẹ̀ fún CMake, irinṣẹ́ mìíràn bíi tirẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá dàgbà dé ibẹ̀, Meson ni mo máa wò, irinṣẹ́ tí ń kọ ìwé iṣẹ́ fún irinṣẹ́ mìíràn, Ninja, láti ṣe. Ṣùgbọ́n ètò ìṣirò ọjà tí fáìlì rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún kò ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ìlà os.system yẹn kúrò, kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, nítorí -n kò ní dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe kọ̀ǹpáìlì lẹ́ẹ̀kan títí dé òpin, kí ẹ wá tẹ scons -n --debug=explain láìyí ohunkóhun padà. Kò yẹ kí ó dárúkọ fáìlì kankan. Èyí tí ó bá dárúkọ, ìdí rẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dà á kọ bí ó ṣe rí, kí ẹ fi í hàn wá.