Orúkọ Cole kọ́ ni yóò mú yín délé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá bàbá mi ti Sàró wá sí Oǹdó pẹ̀lú àwọn oníwàásù. Cole lorúkọ rẹ̀, òun la sì ń jẹ́ títí dòní. Ọmọ mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń bi mí bóyá òyìnbó ni wá. Báwo la ṣe lè mọ ìlú bàbá wa gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ní kí ọmọ yín fi Cole sílẹ̀ ná. Orúkọ yẹn lè sọ ẹni tó sọ bàbá yín lórúkọ, kò lè sọ ẹni tó bí i. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kejì, wọ́n gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1825, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ Crowther, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò já sí. Àjàyí ló ti ilé wá.

Irú Àjàyí yẹn lẹ ń wá, inú ilé lẹ sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ẹbí, pàápàá àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́, torí àwọn ló ń ki ọkọ àti ọmọ. Ẹ má bi wọ́n pé "níbo la ti wá?" Sàró náà ni wọ́n á sọ. Ẹ ní kí wọ́n ki bàbá bí wọ́n ṣe ń kì í láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ "ilé lọmọ Ọwá ti í múná r'oko", Iléṣà ló dáhùn yẹn. Bó bá jẹ́ "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín", ẹ kọrí sí Ọ̀fà. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ kì í jẹ nílé yín pẹ̀lú. Mo ti rí ìdílé tó gbàgbé orúkọ ìlú pátápátá, tí èèwọ̀ ibẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dùn mí títí di òní pé àwọn àgbà kan wà tí mo ní màá padà lọ bá, tí wọn ò dúró dè mí.

Ìwé ló kàn. Ẹ bẹ ìjọ tí bàbá ń lọ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ìwé tí Charles Phillips, oníwàásù tó dé Oǹdó ní 1877, kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wà ní National Archives n'Íbàdàn. Èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ránṣẹ́ sílé wà ní Yunifásítì Birmingham. Bẹ́ ẹ bá rí "Aku" nínú wọn, Yorùbá ni. Ẹnu "ẹ kú" tí à ń kí ara wa ni wọ́n ti mú un ní Freetown.

Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n bá wá, ọjọ́ orí, gíga àti àmì ara wọn sínú ìwé ńlá. Orúkọ tó lé ní 91,000, láti Freetown àti Havana, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ń pè ní African Origins. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló fetí kọ ọ́, torí náà ẹ máa kà á sókè: "Adjai" ni Àjàyí. Bó bá jẹ́ Freetown ni wọ́n ti bí bàbá yín, bàbá tirẹ̀ lẹ máa wá níbẹ̀. Ẹ má sì tètè yọ̀ mọ́ Òjò tàbí Àìná kan ṣoṣo. Wọ́n pọ̀ jù. Oríkì, ọdún àti ilà ojú gbọ́dọ̀ jọ sọ ohun kan náà.

Ẹ má tíì náwó sí àyẹ̀wò DNA. Kò lè dárúkọ ìlú kan ní pàtó fún yín.

Bẹ́ ẹ bá ti gba ohùn àwọn ìyá náà, ẹ kọ oríkì tí wọ́n kì ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò Ìbàdàn.