Ṣé Peltier lè sọ kọ̀ǹpútà di fíríìjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù fídíò ni mo ní ní Mushin. Kọ̀ǹpútà mi, Core i5-12400, máa ń gbóná gan-an tí fídíò bá ń jáde. Ẹnì kan ní Computer Village ta Peltier kan fún mi, TEC1-12706, pátákó pẹlẹbẹ tí ojú kan rẹ̀ máa ń tutù tí èkejì á máa gbóná tí iná bá wọ̀ ọ́. Ó ní kí n fi sáàárín prosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti fáànù rẹ̀, á tutù bíi fíríìjì. Ihò wo ni kí n ti fún un níná? Ṣé ẹyọ kan tó, àbí kí n to méjì léra?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi í síbẹ̀ o. Ihò iná kọ́ ni ìṣòro. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, àwọn tó ń tà á ló sì fà á: wọ́n á so ó mọ́ bátìrì lójú yín, wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ kàn án, ọwọ́ yín á tutù, owó á jáde.

Peltier kì í pa ooru. Ó ń kó o láti ojú kan lọ sí ojú kejì ni, bí alábàárù. Alábàárù tó ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́ lè gbé àpò ńlá. Ẹ ní kó gun àtẹ̀gùn bíríìjì Oshodi, ẹrù tó lè gbé á dín kù. Àtẹ̀gùn Peltier ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú tútù àti ojú gbígbóná. Tí ojú méjèèjì bá dọ́gba, 12706 lè kó nǹkan bíi 50 wáàtì lórí iná 12 fóòtì. Bí ìyàtọ̀ bá di 30 dígírì, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Bó bá sún mọ́ 65, kò lè kó nǹkan kan mọ́. Ojú kan á tutù rinrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn yín lọ́jà nìyẹn.

Alábàárù yìí sì ń jẹun. Nǹkan bíi 55 wáàtì ni òun fúnra rẹ̀ ń fà, gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru lójú gbígbóná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 65 wáàtì ni wọ́n kọ fún prosẹ́sọ̀ yín, i5-12400, ó sì lè fò dé 117 tí iṣẹ́ bá le. Ẹ jẹ́ ká lo 65 péré. Ká ní yàrá yín wà ní 32 dígírì, tí heat sink yín, ìyẹn irin onípele abẹ́ fáànù, ń fi ìdajì dígírì gbóná sí i fún wáàtì kọ̀ọ̀kan. Láìsí Peltier, prosẹ́sọ̀ á wà ní nǹkan bíi 65 dígírì. Ẹ ti Peltier sáàárín: 65 pẹ̀lú 55, ó di 120 wáàtì tí irin kan náà gbọ́dọ̀ lé jáde. Irin náà á dé 92. Peltier ò sì lè kó 65 wáàtì tán, nítorí náà prosẹ́sọ̀ á tún gbóná ju irin lọ. Tó bá kan 100, prosẹ́sọ̀ á dín iyára ara rẹ̀ kù, fídíò á máa wọ́.

Ẹ wá wò ó nígbà tí ẹ kàn ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Prosẹ́sọ̀ ò ju 15 wáàtì lọ, Peltier ń ṣiṣẹ́ pẹrẹwu, ojú tútù á bọ́ sí nǹkan bíi 20 dígírì. Nínú afẹ́fẹ́ Èkó, ní 31 dígírì tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ohunkóhun tó bá tutù ju 26 lọ ni omi á sẹ̀ sí, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà. Àárín àwọn ẹsẹ̀ tíntín inú sọ́kẹ́ẹ̀tì prosẹ́sọ̀ ni omi yẹn á wọ̀ lọ. Iṣẹ́ pọ̀, ó gbóná. Iṣẹ́ ò sí, ó rin.

Ẹ to méjì léra? Ó burú sí i. Ti òkè á máa kó ooru prosẹ́sọ̀ pọ̀ mọ́ iná tí ti ìsàlẹ̀ jẹ. Intel tó ṣe prosẹ́sọ̀ yín gbé ohun ìtutù oní-Peltier jáde ní 2020, Cryo Cooling, tòun ti omi, radiator àti ohun tó ń ṣọ́ ọ̀rinrin. Wọ́n pa á tì ní 2023.

Ihò iná tí ẹ béèrè: ihò fáànù ara bọ́ọ̀dù sábà máa ń gba 1 áńpíà, Peltier yín ń fà ju 4 lọ. Á jó o. Ẹ má sì fún un níná láìsí heat sink lára rẹ̀, kódà fún ìdánwò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó lè yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ tún rántí ínfátà: 55 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 440 wáàtì-wákàtí, bátìrì 12 fóòtì 100Ah ò sì ní ju 1,200 lọ lápapọ̀.

Ohun tí kọ̀ǹpútà yín fẹ́ nìyí. Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, ẹ gbé e síta, ẹ fẹ́ eruku kúrò láàárín àwọn ìpele irin náà. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí. Ẹ fi spirit nu thermal paste àtijọ́ kúrò, ìyẹn ìpara tó wà láàárín prosẹ́sọ̀ àti irin, ẹ fi tuntun tó bí ẹ̀wà kékeré kan sí àárín prosẹ́sọ̀, ẹ dé e, ẹ sì máa fún àwọn skúrù rẹ̀ ní igun sí igun díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kan ògiri. Tó bá ṣì ń kọjá 85 nígbà tí fídíò ń jáde, ẹ ra heat sink gíga oní-páìpù mẹ́rin, oní-fáànù 120 mm. 70 sí 80 lásìkò iṣẹ́ kò burú. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, ẹ bi ẹni tó tà á kẹ́ ẹ tó tú u. Nǹkan tí mo kọ yìí kò rọ́pò ẹni tó ń fojú rí i.

Kẹ́ ẹ tó sanwó heat sink, ẹ rí i pé wọ́n kọ LGA1700, orúkọ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí prosẹ́sọ̀ yín ń lò, sára páálí rẹ̀. Ihò skúrù LGA1200 kò bá a mu, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú ló sì jẹ́ ti àtijọ́ yẹn.