Èsì: Onílé tó ń wọ yàrá nígbà tí ayálégbé ò sí nílé

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Tí bàbá onílé bá ń fi kọ́kọ́rọ́ kejì wọ yàrá yín l'Ágége tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Káfíńtà á kàn yọ ẹyọ inú rẹ̀, á fi tuntun sí i, kò ní í gbẹ́ ilẹ̀kùn rárá. Ẹ tọ́jú ti àtijọ́ o, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde lẹ máa dá a padà síbẹ̀.

Àmọ́ tí àgírímẹ́ǹtì yín bá ní kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ onílé, ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná.

Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 gbà á láàyè kó wá wo ilé tàbí kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni, kó sì ti kọ̀wé sí yín ṣáájú. “Páìpù ni mo wá wò,” lẹ́yìn tó ti wọlé tán, ìyẹn kì í ṣe ìwé! (Òfin náà ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà.)

Ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún mi kẹ́ ẹ tó wá.” Déètì á wà níbẹ̀. Tó bá tún wọlé, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bá èèyàn parí aáwọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má torí ìbínú dá owó ilé dúró o, ibẹ̀ ló ti máa rí yín mú.