“Late”: ibi tó o bá fi í sí ló ń sọ bóyá ẹni náà kú tàbí ó pẹ́

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ, ó sì wọ̀ mí lára, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló pa mí lẹ́kún lọ́dún tí bàbá mi jáde láyé. O ní olùkọ́ rẹ fa ìlà pupa sábẹ́ “My mother is late since 2019,” ó ní kó o gbé “late” síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ. O gbé e síwájú lóòótọ́, o kọ “Late Mama was a trader,” ó tún fa ìlà pupa míì. O wá ń béèrè pé ibo gan-an ni kó o fi í sí. Kí n tó dáhùn, o kú àráfẹ́rakù màmá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìdájí ni wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá ti lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ímeèlì sí ọ̀gá mi obìnrin tó ń pín iṣẹ́ fún wa: “My father is late. I cannot come on Thursday, I have to travel home.” Kò tó wákàtí kan tó fi dáhùn. Ó ní kò burú, ó ní kí bàbá mi máa rọra bọ̀, ó sì béèrè bóyá màá lè wá ní Ọjọ́bọ̀ náà tí wọ́n bá ti dé. Mo ka èsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé obìnrin náà ò ní ojú àánú ni. Mi ò fèsì mọ́, mo wá tíkẹ́ẹ̀tì, mo gba ilé lọ. Nígbà tí mo fi máa sìnkú tán tí mo padà dé, ìwé ìkìlọ̀ ló ń dúró dè mí pé mo pa iṣẹ́ jẹ láìgbàṣẹ. Ìgbà tí mo jókòó níwájú rẹ̀ tí mo ní “he died” ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun rò pé bàbá mi ń bọ̀ wá kí mi ni, tí ọkọ̀ wọn sì pẹ́. Ó bú sẹ́kún, èmi náà sì bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Lẹ́nu àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, “late” tó túmọ̀ sí ẹni tó ti kú kì í kúrò níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Inú àpólà orúkọ ló ń gbé. “My late father” ni bàbá mi tó ti di olóògbé. Tó o bá ti gbé e kọjá sẹ́yìn “is”, ikú ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ku pípẹ́ nìkan: “My father is late,” bàbá mi ò tètè dé. Àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe míì wà tó ń hu irú ìwà yìí. “The former governor” dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ pé “the governor is former.” Bákan náà ni “main” àti “mere”. “Late” ti ikú, ẹgbẹ́ wọn ló wà. “Late” ti pípẹ́ ní tiẹ̀ lómìnira, ó lè wà níwájú, ó lè wà lẹ́yìn.

Ó sì nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ohun tó ń falẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gba ìtumọ̀ “láìpẹ́ yìí”, èyí tó ṣì wà nínú “of late” títí dòní. Ibẹ̀ ni ti òkú ti yọ, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún: ẹni tó wà láàrin wa títí di àìpẹ́ yìí. Nínú ìkéde ogún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wàá rí i tí wọ́n kọ orúkọ olóògbé, kí wọ́n tó wá kọ “late of” àti àdírẹ́sì. Ibi tó ń gbé kó tó kú ni wọ́n ń sọ.

Kí ló dé táwa fi ń sọ pé “he is late”? Ahọ́n wa ló gbé wa débẹ̀. A ní “olóògbé”. À ń fi í síwájú orúkọ, a tún ń fi í parí gbólóhùn: “bàbá ti di olóògbé.” Ibi méjèèjì ló gbà á. Nígbà tí a wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a gbé gbogbo iṣẹ́ olóògbé lé “late” lórí. “Pẹ́” ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe ni lédè wa. Ó pẹ́, ó parí. Kò sí ìgbà kankan tí ẹni tó pẹ́ àti ẹni tó kú jọ gbé inú ọ̀rọ̀ kan náà lọ́kàn wa, ìdí nìyẹn tí etí wa ò fi gbọ́ ewu tó wà níbẹ̀. Ẹnu wa ò sì gbà á kí á sọ gbangba pé bàbá ẹni kú. Wọ́n papò dà ni, wọ́n ṣaláìsí ni, ọba wàjà ni. “He died” máa ń dún bí ọ̀rọ̀ aláìmọ̀wàáhù létí Yorùbá. Aṣọ tí a fi bo ọ̀rọ̀ ikú ni “late” jẹ́ fún wa. Nítorí náà, ẹ má pe ẹni tó sọ ọ́ ní púrúǹtù níwájú mi. Nílé, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ “my father is late” ló máa kí ọ kú àráfẹ́rakù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Botswana náà. Ìgbà tí a bá kọ̀wé sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ nìkan ni wàhálà máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Nípa “since 2019” tó o fi kún un, “late” kì í gbé ọdún lérí. Tó o bá fẹ́ sọ ọdún, ọ̀rọ̀ ìṣe ni kó o lò: “My mother died in 2019.” Tó bá le jù lẹ́nu rẹ, “passed away” wà.

Ó wá ku gbólóhùn rẹ kejì, èyí tó rú ọ lójú jù. O gbé e síwájú lóòótọ́, àmọ́ o sọ ohun tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀ nù. “Late” ti ikú kì í dá rìn. Ó fẹ́ “the” tàbí ọ̀rọ̀ tó ń sọ oní-nǹkan, bíi “my”, “her”, “our”. “My late mother.” “The late Chief Awolowo.” Nílé wa, ìwé ìròyìn àti ìwé ètò ìsìnkú máa ń kọ “Late Chief” báyìí, ó sì ti mọ́ wa lójú. Àmọ́ tí òyìnbó bá rí orúkọ olókìkí tí “late” wà níwájú rẹ̀ láìsí “the”, nǹkan míì ló máa ń gbọ́. Lọ́dún 1988, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà Picasso, gbajúmọ̀ ayàwòrán ará Sípéènì, ní Tate Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, “Late Picasso” ni wọ́n pè é. Kì í ṣe torí pé Picasso ti kú ní 1973 ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe nígbà ogbó rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. “The late Picasso” ni Picasso olóògbé. “The” kékeré yẹn ló ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e tún dùn mí ju ti ìwé ìkìlọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ṣaláìsí, mo sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ kan pé mo ń lọ sìnkú “my late mother's sister.” Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ̀wé sí wọn pé màmá mi ń bọ̀ wá kí mi, mo nílò ìwé ẹ̀rí láti fi ti fọ́ọ̀mù físà màmá lẹ́yìn. Iléeṣẹ́ náà dá ìwé mi padà. Wọ́n ní nínú lẹ́tà mi ìṣáájú, mo ti sọ pé màmá mi ti kú. Mo gbé lẹ́tà náà wò, òótọ́ ni, ọwọ́ mi ni mo fi pa màmá mi tó wà láàyè. Ara ẹni tí “late” bá fara tì ló máa ń lẹ̀ mọ́. “My late mother's sister”: ìyá ló kú. “My mother's late sister”: ẹ̀gbọ́n ìyá ló kú. Ṣe sùúrù wo ibẹ̀ dáadáa tó o bá ń kọ̀wé nípa ẹbí, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún tàbí ìwé ìrìnnà.

Má sì rò pé gbogbo “late” tó wà níwájú ló jẹ́ ti òkú. “A late lunch” ni oúnjẹ ọ̀sán tó pẹ́, “late rains” ni òjò tó rọ̀ kẹ́yìn. Obìnrin tó wà “in her late sixties” wà láàyè, ó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ni.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń dun etí mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ pé “the late Awolowo introduced free primary education in 1955.” Awólọ́wọ̀ ò tíì kú ní 1955, ọdún 1987 ni wọ́n papò dà. Alààyè ló ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ wọn nìkan ti tó. Ti òbí ẹni yàtọ̀, torí ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.

Kọ ọ́ báyìí fún olùkọ́ rẹ: “My late mother was a trader. She died in 2019.” Kó o wá fi orúkọ ọjà tí wọ́n ti ń tajà kún un, àti ohun tí wọ́n ń tà.