Ṣé ike lè rọ́pò àlàfo inú páńẹ́lì 11 kV?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó iná ilé ọ́fíìsì kan ní Jabi, l'Ábújá níbí. Ẹni tó pààrọ̀ orí kébù inú páńẹ́lì 11 kV wa (àpótí irin tí iná fólítì 11,000 ń gbà wọlé) lo lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin ẹnu kébù tí wọ́n ń fi bóòtì dè, tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Mo fi rúlà wọn àárín fésì méjì, ìyẹn méjì nínú àwọn ojú iná mẹ́ta tó wọlé, kí wọ́n tó dá iná padà: mílímítà 85 péré. Ó ní kò séwu, ló bá ki ike pẹlẹbẹ kan bọ àárín wọn. Láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ ni páńẹ́lì náà ti ń ṣe ṣííí láàárọ̀. Ṣé ike yẹn tó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò tó. Má sì ṣí i wò bó ti ń dún yẹn. Ké sí iléeṣẹ́ tó ń fún yín níná lónìí, kí wọ́n gé e lọ́dọ̀ tiwọn, kí wọ́n dán an wò pé kò síná níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì so ó mọ́ áàtì (wáyà tó wọ ilẹ̀), kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń dá iná dúró nínú irú páńẹ́lì bẹ́ẹ̀. Mílímítà 120 ni ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin ohun èlò iná, sọ fún 11 kV nínú ilé. Àwọn kan á ní ó ti pọ̀ jù, torí mílímítà afẹ́fẹ́ kan lè dá nǹkan bí 3 kV dúró. Àárín irin méjì tó tẹ́jú nìyẹn o. Etí lọ́ọ̀gì àti ìrù bóòtì mú, ibẹ̀ sì ni agbára iná ń kóra jọ sí. Bí àrá bá tún sán lu wáyà òpó níta, ohun tó ń wọlé kì í ṣe 11 kV mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi 75 kV dán irú páńẹ́lì yìí wò, ní àfiwé àrá.

Ike tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kì í gbé púpọ̀ nínú ẹrù agbára iná yẹn. Orí afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó ṣẹ́ kù láàárín òun àti irin ló ń tì í sí, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń ṣe ṣííí. Eruku ọyẹ́ tún ti bò ó lójú. Bó bá gbẹ, ó lè má ṣe nǹkan kan; bí ọ̀rinrin bá kàn án, ojú ike di ọ̀nà fún iná. Mo rí i ní Kàdúná nígbà tí a fa pátákó ìdènà pupa kan jáde: ìlà dúdú ti ta ká ojú rẹ̀ bí gbòǹgbò koríko, ìyẹ̀fun funfun sì wà níbi tó ti sún mọ́ irin.

Kí wọ́n fi lọ́ọ̀gì tó bá àyè mu sí i, kí wọ́n sì yí bóòtì kí ìrù wọn má kọjú síra. Àwọn páńẹ́lì kan wà tí àlàfo wọn kò tó 120 láti ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n. Pátákó ìdènà tiwọn gan-an ni wọ́n fi dán wọn wò, òun náà ló gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, kì í ṣe ike tí a gé lọ́jà. Ká ní Jos lo wà ni, tó ga ju mítà 1,000 lọ, àlàfo náà ì bá tún ní láti fẹ̀ díẹ̀ sí i, torí afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́.

Ní kí wọ́n wo híítà kékeré inú rẹ̀ tó ń lé ọ̀rinrin pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ tí mo ti bá pàdé ló ti jó tipẹ́ láìsẹ́ni tó mọ̀. Kí wọ́n tó tú áàtì, kí ìwọ fúnra rẹ fi rúlà wọn àlàfo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójú wọn.