Báìkì mẹ́rin, bátìrì ẹyọ kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa orí táyà méjì. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, mẹ́ta ni mo mú. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba ibi tó pọ̀ jù torí ọ̀rọ̀ ara mi ló jọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà n'Íbàdàn ni mò ń gbé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Mo ní Suzuki GSX-R 600 tòkunbọ̀ kan, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gùn ún, kò já mi kulẹ̀ rí. Owó díẹ̀ wá wọlé báyìí, ó sì ń wù mí kí n máa kó pawa báìkì jọ, kí n ní márùn-ún sí i kí n tó pé ogójì ọdún. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ṣé àwọn àtijọ́ ni kí n rà àbí tuntun, èwo ni kí n sì fi bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, orí ẹ ò dàrú, ṣùgbọ́n bá mi kí ìyàwó ẹ dáadáa torí ó ní nǹkan tó rí kó tó sọ̀rọ̀. Márùn-ún ti pọ̀ jù. Nígbà kan, èmi tí ò ń wò yìí, báìkì mẹ́rin ló wà nínú gáráàjì mi, bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. Tí mo bá fẹ́ gun eléyìí lọ́jọ́ Sọ́ńdè màá lọ yọ bátìrì lára tọ̀hún, kò tiẹ̀ bá ààyè ẹ̀ mu, rọ́bà ni mo fi ń dè é mọ́bẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á wá, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n ẹ ti ṣe é, wọ́n á ya fọ́tò, wọn ò mọ̀ pé mẹ́ta nínú ẹ̀ ò lè jáde ní géètì. Ṣé ìyẹn náà là ń pè ní kíkó báìkì jọ? Mò ń tọ́jú òkú irin ni.

Ọkùnrin kan wà ní Birmingham, ti ìpínlẹ̀ Alabama l'Amẹ́ríkà o, George Barber lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ wàrà ni ìdílé wọn fi lówó. Mọ́tò àtijọ́ ló kọ́kọ́ ń kó jọ, ó wá rí i pé àwọn tó ti fi mọ́tò kún ilé ti pọ̀ láyé, ló bá yí sídìí alùpùpù. Ó ṣí mùsíọ́mù ní 1995, báìkì tó wà níbẹ̀ báyìí ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Gbogbo ẹ̀ yẹn ò tiẹ̀ jọ mí lójú tó pé wọ́n ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ti wọn nínú mùsíọ́mù yẹn, wọ́n sì la ibi ìsáré síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Olówó nìyẹn, kò sì fẹ́ kí tòun jẹ́ ère lásán.

Ó dáa, èwo ni kó o rà. Má kàn máa rà á bí ẹni ń ra ẹ̀wà lọ́jà, mú ohun kan tí wàá máa lé. Ẹlòmíì, 600 cc nìkan ló ń kó (cc ni ìwọ̀n títóbi inú ẹ́ńjìnì), ẹlòmíì ò fẹ́ rí ohun tí kì í ṣe Honda. Èmi, àwọn tí mò ń lé ni àwọn tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, gbogbo tó kù lọ́jà di arúgbó lójijì. GSX-R750 ti 1985 ló ṣíwájú, ìyẹn sì ni baba èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ: fíréèmù alumíníọ́mù, ọ́ìlì ni wọ́n fi ń mú ẹ́ńjìnì tutù dípò omi, kò tó 180 kílò kí wọ́n tó bu epo sí i. Ní 1992, Tadao Baba ti Honda gbé Fireblade jáde, 893 cc, 185 kílò, nígbà tí àwọn 1000 ìgbà yẹn ti kọjá 200 kílò, ó wá dà bíi kí ẹnì kan gbé agbára ìjàkadì wọ ara sáréesáré. Yamaha wá fi R1 dá a lóhùn ní 1998. Nínú ẹ́ńjìnì yẹn, wọ́n to ọ̀pá gíá lé ara wọn lórí, ẹ́ńjìnì wá kúrú, wọ́n sì ráàyè fún swingarm tó gùn, ìyẹn apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú, báìkì fúyẹ́ dé 177 kílò, agbára ẹ̀ jẹ́ 150 ẹṣin. Mo ti gun ọ̀kan. Ní gíá kejì, táyà iwájú ṣì ń kúrò nílẹ̀, mo pe orúkọ ìyá mi.

Hayabusa ti Suzuki ńkọ́? 1999 ló dé, 1,299 cc. Hayabusa lédè Jàpáánù, irú àṣá kan ni, Honda sì ti ní Blackbird lójú títì nígbà yẹn, tó jẹ́ ẹyẹ dúdú, Suzuki wá sọ tiwọn ní àṣá tó ń pa ẹyẹ dúdú jẹ. Ṣé o rí i pé àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń pòwe mọ́ èèyàn! Ó kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ̀rù ba àwọn ìjọba Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ wá jọ fẹnu kò pé kí gbogbo wọn máa dúró ní 299. Tó o bá rí ti 1999 tàbí 2000, wo míítà ẹ̀, nọ́ńbà ibẹ̀ dé 350, ìyẹn làwọn tó mọwọ́ ẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n yẹ ìdí ẹ̀ wò lábẹ́ síìtì, torí alumíníọ́mù ni ibẹ̀ nígbà yẹn, kò lágbára tó, ó máa ń sán téèyàn bá ń di ẹrù lé e, ni wọ́n ṣe pààrọ̀ ẹ̀ sí irin gidi ní 2001.

O ò béèrè Ducati 916, àmọ́ mo mọ̀ pé o máa béèrè. Massimo Tamburini ló yà á, 1994 ló jáde, Carl Fogarty fi gba ife àgbáyé Superbike lọ́dún yẹn àti 1995, kò sí báìkì tó rẹwà jù ú lọ lójú tèmi. Kò ní spring tó ń ti fáàfù ẹ̀ pa (fáàfù ni ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnì), irin ló ń ṣí i irin ló ń tì í, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n, bẹ́líìtì inú ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ. Tí bẹ́líìtì yẹn bá já, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn. Kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì ẹ̀ kó o tó wá báìkì.

Tèmi ni pé kó o ra ẹyọ kan ṣoṣo, R1 1998 sí 2001, káábọ̀rétọ̀ ni wọ́n ṣì ń lò, ọmọ wa tó bá lọ́wọ́ lè tú u kó sì tò ó padà. Gùn ún fún ọdún kan pẹ̀lú èyí tó o ní. Tí méjèèjì bá ṣì ń gbéra láàárọ̀ Sọ́ńdè láìtì wọ́n, a tún lè jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta.

Kó o tó sanwó, nọ́ńbà ọrùn fíréèmù gbọ́dọ̀ bá ìwé mu, kó o sì bi wọ́n bóyá ó ti ní ìjàǹbá rí l'Amẹ́ríkà. Ẹnì kan tà mí ní báìkì tó ń dán gbinrin, kó tó dé 100 ó ti ń fà sósì, ìgbà tá a tú ike ara ẹ̀ la rí i pé fíréèmù ti tẹ̀, ìwé ẹ̀ sì ti sọ ọ́, salvage, ìyẹn ọkọ̀ tí ìjàǹbá ti bà jẹ́, ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, èmi ni mi ò kà á. Ṣé kí n wá bú ẹni tó tà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ìyá ọmọ mẹ́ta ni mí ní Sùúrùlérè, Yamaha R6 2008 ni mò ń gùn. Mo fi tapólínì bò ó ní gbogbo ìgbà òjò, ní báyìí tí mo bá tẹ stáàtì, tì-tì-tì ló ń ké. Mẹkáníìkì àdúgbò ní brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ti jó, ká ra òmíì.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì náwó kankan. Tì-tì-tì yẹn, bátìrì ló ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, tó bá kún á máa lọ sí 12.6 volt, tí tiyín bá wà nísàlẹ̀ 12 ẹ ti rídìí ẹ̀. Ẹ má gbé e fún rewire tó ń fi iná ńlá sun bátìrì mọ́tò, ti báìkì kéré, iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ló fẹ́. Ẹ ra charger kékeré tó ń dá dúró fúnra ẹ̀, wákàtí mélòó kan tí NEPA bá mú iná wá lọ́jọ́ kan tó o.

Ẹ fa epo inú táǹkì dànù, oṣù mélòó kan ti ba á jẹ́. Tí ẹ bá tún fẹ́ gbé e sílẹ̀, ẹ bu epo kún táǹkì, torí àlàfo inú táǹkì ni omi ti ń kó jọ tí ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tapólínì yẹn náà ń há ọ̀rinrin mọ́ ara ṣéènì, aṣọ lásán ló dáa jù. Ẹ ṣí ilé fílítà afẹ́fẹ́, eku fẹ́ràn ibẹ̀ ju ilé idáná lọ. Ọ̀rọ̀ pé kéèyàn máa stáàtì báìkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀, irọ́ ni, omi ló ń kó sínú ọ́ìlì àti sàléńsà. Tí ẹ bá stáàtì ẹ̀, ẹ gùn ún ogún ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì gbóná dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo táyà pẹ̀lú, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bó ṣe wù kó dán tó, ẹ má gbọ́kàn lé e nínú òjò.

ÌBÉÈRÈ: Peckham ni mo wà ní London, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. GSX-R750 ti 1985 wà nínú gáráàjì mi, nígbà òtútù mi ò kì í gùn ún. Ṣé dandan ni kí n máa san owó orí ẹ̀? Àwọn ọmọ ní kí n tà á.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Tí kò bá ti sí ní títì, ẹ kọ SORN fún un, ìyẹn ìwé tó ń sọ fún ìjọba pé ọkọ̀ ò sí ní títì, owó orí ti dúró nìyẹn, ìnṣọ́ráǹsì náà ò di dandan mọ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì o. Yàtọ̀ síyẹn, alùpùpù tó ti lé ní 40 ọdún lè di historic, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ lójú òfin, kò sí owó orí, kò sì nílò MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún, tí ẹ ò bá tíì pa á dà púpọ̀. Kì í dédé ṣẹlẹ̀, ẹ máa ní láti béèrè fún un lọ́wọ́ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù títí di oṣù kẹfà, mò ń bọ̀ ní London, mo fẹ́ gùn ún kí wọ́n tó tà á.